Mo gbàgbé ẹnì karùn-ún

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fún mi ní kíndìnrín wọn kan. Wọ́n tún fún mi ní ohun kejì tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í gbọ́ nípa rẹ̀: stem cell, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ tó ń bí gbogbo sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀, kí ara mi má bàa kọ kíndìnrín náà. Kíndìnrín yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́ lára mi títí dòní. Sẹ́ẹ̀lì ti lọ. Bó ṣe lọ, àti ohun tí mo fọwọ́ ara mi fà, ni mo fẹ́ kọ, torí mo mọ̀ pé ẹnìkan wà níbì kan lálẹ́ òní tó gbé oògùn rẹ̀ sọ́wọ́, tó ń rò ó bóyá kóun gbé e mì tàbí kóun fi í sílẹ̀.

Ọdún méjì ni mo fi lọ sídìí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, wákàtí 4 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Mi ò ní pẹ́ lórí ìyẹn. Ẹni tó bá ti jókòó síbẹ̀ rí mọ bó ṣe ń rí, ó sì mọ ìdí tí èèyàn fi lè fọwọ́ sí ohunkóhun tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀gbọ́n mi wò, àwọn àmì ara tí wọ́n ń pè ní HLA bá tèmi mu délẹ̀délẹ̀. Láàárín ọmọ ìyá àti bàbá kan náà, ìdá kan nínú mẹ́rin péré ni àǹfààní pé ó máa rí bẹ́ẹ̀. Ni dókítà bá pe àwa méjèèjì jókòó, ó ní ìwádìí kan ń lọ lọ́wọ́ fún irú wa.

Àlàyé dókítà náà yé mi dáadáa. Ara ní àwọn ẹ̀ṣọ́. Iṣẹ́ wọn ni láti mọ ará ilé yàtọ̀ sí àjèjì, kí wọ́n sì lé àjèjì jáde. Kíndìnrín tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé, àjèjì ni lójú wọn. Wọn ò mọ̀ pé ìrànlọ́wọ́ ló bá wá. Oògùn tí a ń lò lójoojúmọ́ ló ń kun àwọn ẹ̀ṣọ́ yìí lóorun. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ tó ń sùn kò lè dá olè mọ̀: kòkòrò àrùn á ráyè wọlé, jẹjẹrẹ náà á ráyè, pàápàá ti awọ ara. Tacrolimus, tó jẹ́ òpómúléró láàárín àwọn oògùn náà, lè fa ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ, ó sì lè máa ba kíndìnrín tó ń dáàbò bò jẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí ọdún ṣe ń gorí ọdún.

Ohun tí ìwádìí náà fẹ́ ṣe yàtọ̀. Inú mùdùnmúdùn eegun ni sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ń gbé. Bí ti ẹ̀gbọ́n mi bá ráyè jókòó sínú mùdùnmúdùn tèmi, ẹ̀jẹ̀ àwa méjèèjì ni yóò máa ṣàn pọ̀ nínú mi. Àwọn ẹ̀ṣọ́ tuntun tí ara mi bá ń tọ́ yóò dàgbà láàárín sẹ́ẹ̀lì ẹ̀gbọ́n mi, wọn yóò sì kà wọ́n mọ́ ará ilé. Bí wọ́n bá ti rí kíndìnrín náà bí ará ilé, kò sí ìdí láti kùn wọ́n lóorun mọ́.

Màlúù ló kọ́kọ́ fi ọ̀nà yìí han èèyàn. Ní 1945, Ray Owen ní Amẹ́ríkà kíyè sí i pé màlúù ìbejì tí ẹ̀jẹ̀ wọn pa pọ̀ nínú oyún máa ń gbé ẹ̀jẹ̀ ìkejì wọn kiri títí wọ́n á fi dàgbà, láìsí ìjà, bí wọn ò tilẹ̀ jọra. Ní 1953, Peter Medawar àti àwọn méjì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Ìlú Ọba fi èkúté ṣe irú rẹ̀: wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì èkúté ẹ̀yà kan sínú èkúté ẹ̀yà mìíràn tó ṣì wà nínú oyún, nígbà tí ìyẹn sì dàgbà, awọ ẹni tó fún un ní sẹ́ẹ̀lì mọ́ ọn lára bí ẹni pé tirẹ̀ ni. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ní December 1954, Joseph Murray pààrọ̀ kíndìnrín fún ọkùnrin kan ní Boston. Ìbejì rẹ̀ tó jọ ọ́ délẹ̀ ló fún un, kò sì nílò oògùn kankan láti fi kun ẹ̀ṣọ́ ara lóorun. Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Dókítà, àwa kì í ṣe ìbejì o. Ọdún mẹ́fà ni mo fi jù ú lọ.” Dókítà dáhùn pé ohun tí àwọn ń wá gan-an nìyẹn, bí ẹni tí kì í ṣe ìbejì yóò ṣe rí ìrọ̀rùn ìbejì.

Lẹ́yìn náà ló wá sọ ti Boston tó dé gbẹ̀yìn. Ilé ìwòsàn Massachusetts General fi kíndìnrín àti mùdùnmúdùn eegun ẹnìkan náà sí èèyàn 5 lára, ìròyìn rẹ̀ sì jáde ní 2008. Àmì ara wọn kò tilẹ̀ bá ti ẹni tó fún wọn mu tán. Láàárín oṣù 9 sí 14, 4 nínú wọn ti fi gbogbo oògùn sílẹ̀. Ẹnì karùn-ún, ara rẹ̀ kọ kíndìnrín náà, wọn ò sì rí i gbà là.

Ibí yìí ni àṣìṣe mi ti bẹ̀rẹ̀, kí abẹ́rẹ́ kankan tó kàn mí lára. Mẹ́rin ni mo gbé relé. Gbogbo ẹni tó bá wá kí mi ni mo ń sọ fún pé èèyàn mẹ́rin ti bọ́ lọ́wọ́ oògùn. Mi ò dárúkọ ẹnì karùn-ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀gbọ́n mi ló béèrè lọ́jọ́ yẹn pé, “Ẹnì karùn-ún yẹn ńkọ́? Kí ló wá ṣe?” Mo rántí pé inú bí mi díẹ̀ tí wọ́n béèrè. Dókítà dáhùn tàánútàánú. Ó tún sọ pé ẹ̀ṣọ́ tí a gbà wọlé lè kọjú ìjà sí onílé, kó bá awọ ara, ìfun àti ẹ̀dọ̀ jà, ó sì lè pa èèyàn. Ó ní ìwádìí ni, ó lè má ṣe mí láǹfààní kankan. Gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé ìfọwọ́sí. Ojú ìwé tí wọ́n ti ní kí n fọwọ́ sí i ni mo kọ́kọ́ ṣí.

Bí mo bá tún ilé ayé wá, mo máa gbé ìwé yẹn lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹlòmíràn tí ọ̀rọ̀ náà kò ká lára bíi tèmi bá mi kà á sókè. Mo máa béèrè ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí mi bí sẹ́ẹ̀lì náà kò bá dúró. Mo máa béèrè ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n mi, ìbéèrè tí n kò bi ẹnikẹ́ni.

Torí ara wọn ni iṣẹ́ ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n ń gún ẹ̀gbọ́n mi lábẹ́rẹ́ lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 5, kí sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ lè tú jáde láti inú mùdùnmúdùn sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀yìn àti itan ń dùn wọ́n débi pé wọn ò lè sùn. Wọ́n fi pa mọ́ fún mi. Ọmọ wọn ló sọ fún mi lẹ́yìn oṣù méjì. Lọ́jọ́ karùn-ún, wọ́n so wọ́n mọ́ ẹ̀rọ tó ń gba ẹ̀jẹ̀ lápá kan, tó ń yọ sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń wá, tó sì ń dá ìyókù padà sí apá kejì. Wákàtí bíi márùn-ún. Abẹ́rẹ́ wà lápá méjèèjì, wọn ò gbọ́dọ̀ ká a kò. Èmi ni mo jókòó tì wọ́n tí mò ń bá wọn họ imú. Nígbà tó yá, ètè wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe wọ́n jìnnìjìnnì, nọ́ọ̀sì sì fún wọn ní kálísíọ̀mù jẹ, ó ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú ẹ̀rọ ló ń fà á. Wọ́n gbé sẹ́ẹ̀lì náà lọ sínú yìnyín. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá padà wá fi kíndìnrín lélẹ̀.

Iṣẹ́ abẹ lọ dáadáa. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn kan tí wọ́n ń ti ara ehoro ṣe, tó ń dín ẹ̀ṣọ́ ara kù. Òtútù rẹ̀ gbọ̀n mí bí ewé. Lẹ́yìn náà ni ìtànṣán, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, díẹ̀díẹ̀, sí àwọn ibi tí ẹ̀ṣọ́ ara ń kóra jọ sí, láti ṣí àyè sílẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀. Ní ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni wọ́n gbé sẹ́ẹ̀lì dé.

Mo ti retí ohun ńlá. Àpò kékeré kan ni, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bu omi lù. Wọ́n rì í sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ títí yìnyín ara rẹ̀ fi yọ́, wọ́n so ó mọ́ okùn tó wọ iṣan mi, kò sì pẹ́ tó fi tán. Òórùn aáyù gba gbogbo yàrá, láti ara èròjà tí wọ́n fi ń tọ́jú sẹ́ẹ̀lì nínú yìnyín, èmi fúnra mi sì ń mí in jáde títí di ọjọ́ kejì. Ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fọwọ́ ti ojú abẹ wọn. Wọ́n ní, “Ṣé ó ti wọlé?” Mo ní, “Ó ti wọlé, ẹ̀gbọ́n mi.” A sunkún, àwa méjèèjì.

Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń wọn iye ẹ̀jẹ̀ wọn tó wà nínú mi. Chimerism ni wọ́n ń pe àyẹ̀wò náà. Lóṣù kìíní, ìdá 62 nínú ọgọ́rùn-ún irú sẹ́ẹ̀lì kan nínú ẹ̀jẹ̀ mi jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n mi. Mo kọ ọ́ sára ògiri. Nínú àwọn oògùn tó ń kun ẹ̀ṣọ́ lóorun, wọ́n dá prednisone dúró, wọ́n dá mycophenolate dúró, ó ku tacrolimus nìkan, àárọ̀ àti alẹ́, kí wákàtí 12 wà láàárín wọn. Àdéhùn ni pé bí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi bá ṣì wà nínú mi lẹ́yìn oṣù 6, tí kíndìnrín kò sì ní ìyọnu, wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù díẹ̀díẹ̀. Lóṣù kẹta, 48. Lóṣù kẹrin, 31. Dókítà ní ó lè lọ sókè, ó lè lọ sílẹ̀, ká máa wò ó. Èmi kàn gbọ́ pé ó ṣì wà níbẹ̀.

Tacrolimus ń gbọn ọwọ́ mi. Mi ò lè da omi sínú ife kí ó má dà sílẹ̀. Mi ò lè fi okùn bọ abẹ́rẹ́, mi ò lè kọ orúkọ ara mi kí ó ṣeé kà. Lálẹ́ ọjọ́ kan lóṣù kẹrin, oorun gbé mi lọ kí n tó lo ti alẹ́. Nígbà tí mo jí, mo da omi, ó lọ geere sínú ife. Mo jókòó, mò ń wo ọwọ́ mi.

Àkókò yẹn náà ni mo ka ìtàn ọmọbìnrin kan ní Ọsirélíà tí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ fún nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 9. Sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ tó bá ẹ̀dọ̀ náà wá gba inú mùdùnmúdùn rẹ̀, irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yí padà láti O-negative sí O-positive, wọ́n sì dá oògùn rẹ̀ dúró. Àwọn dókítà rẹ̀ gbé e jáde ní 2008. Òótọ́ ni ìtàn náà. Ohun tí mo fi ṣe ni kò tọ́. Mo ní bí ó bá lè ṣẹlẹ̀ fún ọmọdé yẹn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wéwèé rẹ̀, kí ni yóò dá tèmi dúró, tí wọ́n wéwèé tí wọ́n tún fi ìtànṣán ṣí ilẹ̀kùn fún? Mi ò rántí pé àwọn dókítà rẹ̀ ló dá oògùn dúró lẹ́yìn tí wọ́n ti rí i nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pé sẹ́ẹ̀lì ẹni tó fún un ti gba ibẹ̀ pátápátá. Ìdá 31 ni tèmi, ó sì ń lọ sílẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fo ti alẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀mẹta.

Èyí tó burú jù ni mo fẹ́ sọ báyìí. Wọ́n máa ń wọn iye tacrolimus tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, òwúrọ̀ ni wọ́n sì ń fa ẹ̀jẹ̀ náà, kí èèyàn tó lo ti àárọ̀, torí ohun tó kù sílẹ̀ lẹ́yìn wákàtí 12 ni wọ́n fẹ́ mọ̀. Ẹ̀rù bà mí pé àṣírí mi máa tú. Mo gbé ti àárọ̀ mì nílé kí n tó lọ. Iye tó jáde dára lójú wọn. Nọ́ọ̀sì béèrè pé, “Ṣé ẹ ò tíì lo ti òwúrọ̀ yìí?” Mo ní, “Rárá o.” Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣe bẹ́ẹ̀.

Kò sí ibi tó dùn mí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ èyí. Mo rò pé bí ara bá ń kọ kíndìnrín, èèyàn á mọ̀: ibà á mú un, ẹ̀gbẹ́ á dùn ún, ìtọ̀ á dín kù. Nǹkan kan ò ṣe mí. Ara mi tilẹ̀ yá gágá, ọwọ́ mi dúró. Creatinine mi, ìyẹn ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń lọ sókè bí kíndìnrín kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, tó jẹ́ 1.2 tẹ́lẹ̀, ló kúrò níbẹ̀ tó di 1.4, tó sì di 1.9 láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Níwọ̀n bí iye oògùn ti dára nínú ìwé, ibòmíràn ni wọ́n ń wá ìdí lọ. Wọ́n ní kí n máa mu omi sí i. Wọ́n fi ẹ̀rọ yẹ inú mi wò bóyá nǹkan dí ọ̀nà ìtọ̀. Wọ́n wá kòkòrò fáírọ́ọ̀sì. Ọjọ́ 12 ni irọ́ mi gbà lọ́wọ́ wọn, nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ara mi ti jí, tí wọ́n ń jẹ kíndìnrín ẹ̀gbọ́n mi.

Alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gé díẹ̀ lára kíndìnrín náà láti yẹ̀ ẹ́ wò ni mo sọ òtítọ́. Nọ́ọ̀sì ni mo sọ ọ́ fún, nọ́ọ̀sì yẹn kan náà. Kò bú mi. Ó gbé àga, ó jókòó, ó ní, “Ọjọ́ wo lẹ bẹ̀rẹ̀? Ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀?” ó sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó parí, ó ní ọ̀rọ̀ tí mo sọ yìí máa ràn wọ́n lọ́wọ́ ju gbogbo àyẹ̀wò ọ̀sẹ̀ náà lọ. Mo ti ń bẹ̀rù ìbáwí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kò sì sí ìbáwí kankan níbẹ̀. Ká ní mo mọ̀, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni ǹ bá ti sọ pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ohun tó wá dùn mí jù ni pé lẹ́yìn tí mo sọ ọ́ yìí, wọ́n yí oògùn náà padà sí irú èyí tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, ìgbọ̀n náà sì dín kù gan-an. Oògùn ojú rẹ̀ wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé mo nílò rẹ̀.

Wọ́n gé díẹ̀ lára kíndìnrín náà. Iwájú ikùn, nísàlẹ̀, ni wọ́n ń fi kíndìnrín tuntun sí, torí náà ẹ̀yìn ni mo fi lélẹ̀. Abẹ́rẹ́ náà dún bí ìgbà tí wọ́n bá ń so ìwé pọ̀, pà, pà. Wákàtí 6 ni mo fi sùn gbalaja láìmira. Ìkọ̀sílẹ̀ ni, ìyẹn ni pé ara mi ń kọ kíndìnrín náà. Wọ́n fún mi ní methylprednisolone, oògùn líle tó ń kápá ẹ̀ṣọ́ ara, sínú iṣan fún ọjọ́ 3. Creatinine sọ̀ kalẹ̀ dé 1.5, ó dúró síbẹ̀. Kò padà sí 1.2 mọ́ láti ìgbà yẹn.

Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀gbọ́n mi di ìdá 9 lóṣù kẹfà. Lóṣù kẹjọ, kò pé ìdá 1. Dókítà pè mí, ó ní wọn ò ní lè dín oògùn mi kù, pé tacrolimus ni èmi àti òun yóò jọ máa lọ. Mo béèrè bóyá èmi ni mo pa sẹ́ẹ̀lì náà. Ó ní ó máa ń lọ bẹ́ẹ̀ lára àwọn tó ń lo oògùn wọn déédéé pẹ̀lú, kò sì sí ẹni tó lè gbé ìdájọ́ yẹn kalẹ̀ fún mi. Ṣùgbọ́n ó ní ìkọ̀sílẹ̀ yẹn, oògùn tí mo fò ló fà á.

Mo lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi fúnra mi. Wọ́n ń ká aṣọ. Wọ́n tẹ́tí sí mi títí mo fi sọ ọ́ tán, wọn ò dáwọ́ aṣọ kíká dúró. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, “Ṣé ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn náà ni?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní, “O ò sọ fún mi. Mo fún ẹ ní kíndìnrín, o ò wá lè sọ fún mi pé ọwọ́ ń gbọ̀n ẹ́?” Ìgbà yẹn ni wọ́n tó gbé aṣọ sílẹ̀.

Àwọn kan ti pè mí lẹ́yìn ìgbà yẹn pé àwọn mọ ibi tí wọ́n ti ń fa ọ̀rá ikùn èèyàn, tí wọ́n ń yọ stem cell nínú rẹ̀, tí wọ́n á gún un padà sí i lára, tí yóò sì fi oògùn sílẹ̀ lọ́sẹ̀ kan náà. Mo bẹ̀ yín, ẹ má lọ. Sẹ́ẹ̀lì ara ẹni kò lè mú kí ẹ̀ṣọ́ ara ka kíndìnrín ẹlòmíràn mọ́ ará ilé. Ti ẹni tó fún wa ní kíndìnrín ni iṣẹ́ tí mo ṣàlàyé lókè yìí ń lò. Òótọ́ ni pé àwọn dókítà ní Ṣáínà lo sẹ́ẹ̀lì irú mìíràn, tí wọ́n ń pè ní mesenchymal, tí wọ́n yọ nínú mùdùnmúdùn aláìsàn fúnra rẹ̀. Èèyàn 159 ló wà nínú ìwádìí náà, tó jáde ní 2012, ìkọ̀sílẹ̀ sì dín kù lára àwọn tó gbà á láàárín oṣù 6 àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún èèyàn lásìkò iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi rọ́pò. Oògùn ojoojúmọ́ wà níbẹ̀, gbogbo wọn ń lò ó. Ẹni tó bá ní kí o dá oògùn dúró láì wọn ohunkóhun nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ, tí dókítà tó ń tọ́jú kíndìnrín rẹ kò sì mọ̀ sí i, kíndìnrín rẹ ló ń fi ṣeré.

Mo ṣì gba iṣẹ́ náà gbọ́. Ní 2022, àwọn dókítà ní yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà kọ nípa ọmọ 3 tó ní àrùn àbímọ́ni kan tó ń ba ẹ̀ṣọ́ ara àti kíndìnrín jẹ́. Wọ́n kọ́kọ́ fún wọn ní sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ òbí wọn, wọ́n dúró títí ó fi jókòó, lẹ́yìn náà ni wọ́n tó fún wọn ní kíndìnrín òbí kan náà, àwọn ọmọ náà sì bọ́ lọ́wọ́ oògùn. Nígbà tí mo kà á, mo ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo wá ẹnì kẹrin nínú ìwé náà, bóyá ó wà níbì kan.

Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta ni wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ mi báyìí. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi máa ń pè kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. “Ṣé o ò tíì lò ó?” Mo ní mi ò tíì lò ó. Inú àpò ẹ̀wù mi ló máa ń wà, mo fi bébà wé e. Nọ́ọ̀sì á fa ẹ̀jẹ̀, á fi òwú sí ojú ibẹ̀, á ní kí n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ọwọ́ kejì ni mo fi ń tú bébà náà. Níwájú rẹ̀ ni mo ti ń gbé e mì.